Búlọ́ọ̀kù fáàfù tòkunbọ̀ kan ní Olúyọ̀lé: wọ́n tẹ ọ̀kan, òmíràn ló dáhùn

Ohun tó wà nílẹ̀

Ìlà tó ń rọ omi sínú ìgò ike ni, ní ilé iṣẹ́ kan ní àgbègbè Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn. Sìlíńdà mẹ́fà tí afẹ́fẹ́ ń tì ló ń ṣe gbogbo wàhálà orí ìlà náà. Fáàfù mẹ́fà ló ń darí wọn, gbogbo fáàfù náà sì jókòó pọ̀ sórí ìdí kan ṣoṣo tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Ní ìpẹ̀kun búlọ́ọ̀kù ni orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà: wáyà PROFINET (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) kan láti ọ̀dọ̀ PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ìlà), wáyà iná 24 V kan, páìpù afẹ́fẹ́ kan, ó tán. Kò sí pé wáyà méjìlá ń wọ́ láti pánẹ̀ẹ̀lì wá sí ìdí ẹ̀rọ bíi ti ayé àtijọ́.

Iná 24 V yẹn pín sí ọ̀nà méjì nínú okùn kan náà. Ọ̀kan ń bọ́ ọpọlọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èkejì ń bọ́ kọ́ìlì àwọn fáàfù, ìyẹn wáyà wíwé tó ń yí fáàfù padà bí iná bá wọ̀ ọ́. Bọ́tìnì pàjáwìrì gé ti kọ́ìlì nìkan, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà láàyè kí PLC sì máa rí ohun tó ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rí iná aláwọ̀ ewé lórí búlọ́ọ̀kù, á sì rò pé gbogbo ara rẹ̀ ló níná.

Bí wọ́n ṣe jókòó rèé:

Ìjókòó 1, ọwọ́ tó ń di ìgò mú, fáàfù oníkọ́ìlì kan
Ìjókòó 2, imú ìrọmi, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, oníkọ́ìlì méjì
Ìjókòó 3, géètì tó ń dá ìgò dúró, oníkọ́ìlì kan
Ìjókòó 4, orí tó ń dé ìgò, oníkọ́ìlì méjì
Ìjókòó 5, apá tó ń ti ìgò tí kò dára dànù, oníkọ́ìlì kan
Ìjókòó 6, tábìlì agbéga, oníkọ́ìlì méjì, 5/3 (ẹnu márùn-ún, ipò mẹ́ta) tí àárín rẹ̀ ń dí pa

Ẹ rántí ìyàtọ̀ wọn, torí òun ló máa so gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù pọ̀. Fáàfù oníkọ́ìlì kan, bí iná bá kúrò lára rẹ̀, sípíríńgì á dá a padà sílé. Oníkọ́ìlì méjì kò nílé. Ibi tí àṣẹ ìkẹyìn fi í sí ló máa wà títí òmíràn á fi dé. Ti 5/3, bí iná bá kú lára kọ́ìlì méjèèjì, á bọ́ sí àárín, á sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú sìlíńdà, tábìlì á sì dúró níbi tó bá bá ara rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n fi omi tó ń tu gidi fọ ìlà náà ní òpin ọ̀sẹ̀. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ẹnu méjì fún wáyà PROFINET, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, èkejì sì ṣí sílẹ̀ láìní ìdérí. Àwọn ẹ̀rọ báyìí ní IP67 lára lóòótọ́, àmì pé omi àti eruku kò lè wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n IP67 yẹn kò sí mọ́ bí ẹnu kan bá ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, àwọn pín-ìn-nì tó so orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ìdí fáàfù ti hu ewú aláwọ̀ ewé, omi sì ti wọ inú ìdí náà dé ìjókòó 3. Orí nìkan kò tó pààrọ̀ mọ́, àfi gbogbo búlọ́ọ̀kù.

Tuntun gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé láti òkèèrè. Wọ́n rí tòkunbọ̀ kan rà l'Ékòó: iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe é, àwọ̀ kan náà, fáàfù mẹ́fà, oníkọ́ìlì kan mẹ́ta àti méjì mẹ́ta, tò bákan náà pẹ́lú ti àtijọ́. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Lára àwo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lẹ́tà mẹ́ta ló yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó ka àwo náà títí di ọjọ́ kẹta.

Orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀

Wọ́n so ó, wọ́n tan iná, iná BF (àmì pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já) pupa. PLC ní òun kò rí búlọ́ọ̀kù kankan.

Ohun tó ń pọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú níbí ni pé wọ́n máa ń wá IP, nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. PROFINET kì í fi IP dá ẹ̀rọ mọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, orúkọ ló fi ń dá a mọ̀. PLC á ké sórí wáyà pé, «Ta ni ń jẹ́ buloku-1?» Ẹni tó bá dáhùn ni yóò fún ní IP. Ẹ̀rọ tuntun kò ní orúkọ kankan nínú, òfìfo ni. Tòkunbọ̀ ní tirẹ̀: orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ventil-07, pẹ̀lú IP ayé ìgbà yẹn, 10.20.1.47. PLC ń pe buloku-1, búlọ́ọ̀kù náà gbọ́, ó dákẹ́, torí kì í ṣe òun. Wọ́n ti fi ìdajì ọjọ́ kan ping nọ́ńbà tó wà nínú ìwé PLC, kò sì sí ìdí tí ìyẹn fi lè dáhùn.

Bí a ṣe ń tún un ṣe kò le. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ẹ ṣí TIA Portal tàbí PRONETA, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, ọ̀fẹ́ ni èkejì. Ẹ jẹ́ kó wá gbogbo ohun tó wà lórí wáyà. Ìwákiri yìí kò bìkítà IP, ẹ̀rọ tí IP rẹ̀ jìnnà réré á ṣì jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú, kí ẹnì kan lọ wò ó lójú pé ẹ̀rọ tí ẹ ń wò lójú kọ̀ǹpútà náà ló ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde láti iléeṣẹ́, kí orúkọ àti IP àtijọ́ pa rẹ́ pátápátá, ẹ pa iná rẹ̀, ẹ tan án padà, kí ẹ tó wá sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ náà kò gba lẹ́tà ńlá, kò gba àyè, kò gba ìlà ìsàlẹ̀. Lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àmì ìdè àti àmì ìdánudúró ló mọ̀. Ẹ má kọ àmì ohùn sí i, bó ti wù kí Yorùbá dùn tó.

BF kú, ṣùgbọ́n iná àṣìṣe mìíràn tàn nínú PLC: orúkọ bára mu, ara kò bára mu. Orí àtijọ́ ní ẹnu ìjáde 16, báìtì méjì (bíìtì kan fún ẹnu kan, bíìtì mẹ́jọ nínú báìtì kan). Orí tòkunbọ̀ ní 32, báìtì mẹ́rin. Fáìlì GSDML kan náà, èyí tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ fún PLC, ló gbé irú méjèèjì, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kàn ní láti yọ irú 16 kúrò nínú ètò kí wọ́n sì fi irú 32 sí i. Àmọ́ báìtì 10 àti 11 ni ti àtijọ́ wà, àwọn iná àfihàn orí pánẹ̀ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ láti báìtì 12. Báìtì mẹ́rin kò lè wọ àyè méjì. TIA Portal gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí 20 títí dé 23. Ẹni tó ṣe é wá lo ìpààrọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo káàkiri ètò: gbogbo Q10 (Q ni PLC fi ń pe báìtì ìjáde) di Q20, gbogbo Q11 di Q21. Ó yá, kò sì burú bí ìdí fáàfù méjèèjì bá ń ka ẹnu bákan náà. Wọn kì í kà á bákan náà.

Iná ń tàn, fáàfù kò mira

Wọ́n tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀. Iná kékeré orí kọ́ìlì ń tàn, ń kú, bó ṣe yẹ. Kò sí sìlíńdà tó mì. Géèjì afẹ́fẹ́ ń ka 6 bar.

Ẹjọ́ wáyà iná ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Wọ́n ní láti pánẹ̀ẹ̀lì wá jìn, mítà 35, wáyà náà sì tín-ínrín, 0.75 mm². Ìṣirò yìí kò ju ti ẹ̀yìn páálí lọ. Kọ́ìlì kan jẹ́ 0.4 W, ní 24 V ìyẹn tó nǹkan bí 17 mA. Kódà bí kọ́ìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá tàn pọ̀, kò ju 0.15 A lọ. Wáyà bàbà mítà 35 lọ, 35 bọ̀, ní 0.75 mm², jẹ́ nǹkan bí 1.6 ohm. Ohun tó máa sọnù lójú ọ̀nà kò tó 0.3 V. Fáàfù náà ń ṣiṣẹ́ dé 21.6 V. Tẹ́sítà sì ka 23.7 V ní ìdí búlọ́ọ̀kù. Wáyà kò jẹ̀bi, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lákọ̀ọ́kọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Orí fáàfù kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì kékeré tí a lè fi ẹnu súkúrúdíráfà tẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ìlì láìsí iná. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí sìlíńdà mì, ṣùgbọ́n tí kò mì nígbà tí kọ́ìlì gba iná, ọ̀ràn iná ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò sí ohunkóhun, tí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ «ṣììì» kékeré, ọ̀ràn afẹ́fẹ́ ni, kò sì sí ohun tí tẹ́sítà lè sọ fún un yín nípa rẹ̀. Kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má wà nítòsí sìlíńdà. Bí bọ́tìnì náà bá jẹ́ irú èyí tí a lè yí kó há, ẹ rí i pé ẹ yí i padà. Irú èyí tí wọ́n gbàgbé ní híhá ti mú kí àwọn kan pààrọ̀ fáàfù tó yè.

Wọ́n tẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí «ṣììì» kankan.

Kọ́ìlì fáàfù báyìí kéré ju kó lè ti ọ̀pá inú fáàfù fúnra rẹ̀. Ihò bíńtín ló ń ṣí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò ti ọ̀pá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní afẹ́fẹ́ atọ́nà. Nínú búlọ́ọ̀kù àtijọ́, inú ni ó ti ń bu afẹ́fẹ́ atọ́nà, láti inú P gan-an, ẹnu tí afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí sìlíńdà ń gbà wọlé. Tòkunbọ̀ jẹ́ ti ìta: ó ní ihò kékeré kan tí wọ́n kọ X sí lára, láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ atọ́nà gbọ́dọ̀ ti wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 2.5 bar ó kéré tán. Súkúrù ni wọ́n fi dí X pa, ó dájú pé kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ni. Láàárín lẹ́tà mẹ́ta tó yàtọ̀ lára àwo nọ́ńbà, ọ̀kan nìyẹn.

Wọ́n fa páìpù 4 mm láti ẹ̀yìn asẹ́ wá sí X, pẹ̀lú régúlétọ̀ kékeré tirẹ̀ tí wọ́n sọ sí 5 bar. Ibi tí a ti ń mú un ṣe pàtàkì. Ẹ mú un lẹ́yìn fáàfù ọwọ́ tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì, kí títì kan ṣoṣo lè pa afẹ́fẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá mú un ṣáájú rẹ̀ ti fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ. Kí ẹ sì mú un láti ara ọ̀nà tó fẹ̀, kì í ṣe láti ìpẹ̀kun páìpù tó ń bọ́ sìlíńdà ńlá. Bí gbogbo sìlíńdà bá fà pọ̀, P á lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ atọ́nà kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Asẹ́ náà fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n wò ó, omi ti dé ìdajì ife rẹ̀. Ní àsìkò òjò Ìbàdàn èyí kì í ṣe ìyanu. Táǹkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ máa tu omi sílẹ̀ láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ìlà. Wọ́n tún rí i pé ẹnì kan ti ń kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ife ọ́ìlì. Ẹ dákun, rárá. Àwọn fáàfù yìí ní gíríìsì tiwọn láti iléeṣẹ́, wọn kò sì nílò ọ́ìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á fọ gíríìsì yẹn lọ, kò sì sí ìdádúró mọ́, títí ayé fáàfù náà ni. Nígbà náà, ọ́ìlì tọ́báìnì ISO VG32 ni kí ó jẹ́, èyí tí kì í jẹ rọ́bà inú rẹ̀. Tòkunbọ̀ yìí kò tíì gbà á, nítorí náà wọ́n tú ife ọ́ìlì kúrò pátápátá, wọ́n sì fọ páìpù tó ti lẹ̀ mọ́ ọn.

A tẹ ọ̀kan, òmíràn dáhùn

Afẹ́fẹ́ dé X, fáàfù ń dún, sìlíńdà ń mì. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó le gan-an bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń darí ìlà náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ tó yéni jù: «Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó o. Mo tẹ géètì, orí ìdérí ló sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ kò gòkè mọ́.»

Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni pé páìpù ló ṣi ara wọn. Wọ́n pààrọ̀ páìpù méjì ẹ̀yìn ìjókòó 2 síra wọn. Nígbà tí wọ́n pàṣẹ kí imú ìrọmi gòkè, ó gòkè, gbogbo ènìyàn yọ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Pípààrọ̀ páìpù jẹ́ àtúnṣe tó ń purọ́, ó ń mú nǹkan kan bọ̀ sípò kó lè fi ìdí ọ̀ràn pamọ́. Ìmọ̀ràn wa: bí ó bá ju sìlíńdà kan lọ tó ń ṣe ohun tí kò yẹ, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára páìpù àti lára ètò PLC, ẹ mú pẹ́ẹ̀pà.

Wọ́n dá páìpù ìjókòó 2 padà. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n ti afẹ́fẹ́ pa, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í, wọ́n sì fi pákó gbé imú ìrọmi àti orí ìdérí ró, torí wọ́n wúwo, bí afẹ́fẹ́ bá jáde lábẹ́ wọn wọ́n á já. Tábìlì agbéga lọ́tọ̀: 5/3 ti sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú sìlíńdà rẹ̀, géèjì á ka òdo níta, inú rẹ̀ ṣì kún. Àfi kí a rọra tú páìpù rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gbé tábìlì náà ró.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ẹnu kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ P kalẹ̀ sí 2 bar kí sìlíńdà má baà fò, wọ́n fi X sílẹ̀ ní 5. Àǹfààní afẹ́fẹ́ atọ́nà ti ìta nìyẹn, inú búlọ́ọ̀kù àtijọ́ kò gba irú èyí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi PLC sí ìdúró, wọ́n ṣí tábìlì ìṣọ́ nínú TIA Portal, wọ́n sì gba àyè fún ìjáde nígbà ìdúró. Ẹnì kan ń tan bíìtì kan, ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ẹnì kejì dúró níwájú búlọ́ọ̀kù, ó ń wo kọ́ìlì tó tàn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n pa á kí wọ́n tó lọ sí òmíràn. Láti Q20.0 dé Q21.3, bíìtì méjìlá.

Ohun tí wọ́n kọ rèé, bí ètò ṣe ń retí rẹ̀ àti bó ṣe rí (nọ́ńbà ni ìjókòó, A ni kọ́ìlì àkọ́kọ́ rẹ̀, B ni èkejì):

Q20.0, retí 1A, rí 1A
Q20.1, òfìfo, rí 2A
Q20.2, retí 2A, rí 2B
Q20.3, retí 2B, rí 3A
Q20.4, retí 3A, rí 4A
Q20.5, òfìfo, rí 4B
Q20.6, retí 4A, rí 5A
Q20.7, retí 4B, rí 6A
Q21.0, retí 5A, rí 6B
Q21.1, òfìfo, kò sí
Q21.2, retí 6A, kò sí
Q21.3, retí 6B, kò sí

Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ìjókòó 1 bá a mu. Lẹ́yìn fáàfù oníkọ́ìlì kan àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan fi bíìtì kan sún síwájú. Lẹ́yìn èkejì, ó di méjì. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, mẹ́ta. Aṣìṣe tó bá ń pọ̀ sí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé báyìí kò lè jẹ́ ti páìpù, kò sì lè jẹ́ ti wáyà tó já. Ìdí búlọ́ọ̀kù náà ló ń kà á lọ́nà mìíràn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wáyà ìdí fáàfù láti iléeṣẹ́. Nínú èkíní, ìjókòó kọ̀ọ̀kan gba bíìtì méjì, ì báà jẹ́ fáàfù oníkọ́ìlì kan ló jókòó síbẹ̀. Bíìtì kejì á kàn ṣófo. Bí búlọ́ọ̀kù àtijọ́ ṣe rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí 20.1, 20.5 àti 21.1 fi jẹ́ òfìfo nínú ètò. Nínú èkejì, wọ́n wáyà rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú fáàfù tó wà lórí rẹ̀: oníkọ́ìlì kan gba ọ̀kan, oníkọ́ìlì méjì gba méjì, kò sí òfìfo. Bíìtì mẹ́sàn-án péré. Lẹ́tà kejì lára àwo nọ́ńbà nìyẹn. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń kà á, ni ti orí 32.

Pẹ̀lú pẹ́ẹ̀pà yìí, gbogbo ìwà àjèjì ìlà náà ló ní àlàyé. Wọ́n tẹ géètì, 3A, tó wà ní Q20.4, kọ́ìlì 4A ló gbà á, orí ìdérí sọ̀ kalẹ̀. Láti gbé e gòkè, 4B gbọ́dọ̀ gba iná, ìyẹn Q20.5. Nínú ètò, kò sí ìlà kankan tó ń tan Q20.5, torí òfìfo ni lójú ẹni tó kọ ọ́. Fáàfù oníkọ́ìlì méjì kò nílé tó ń padà sí. Àbájáde: ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Bákan náà ni 2A, Q20.1, tí ẹnikẹ́ni kò tàn rí: ìdí tí imú ìrọmi kò fi sọ̀ kalẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ páìpù nìyẹn, torí ẹ̀yìn ìpààrọ̀ náà 2A ni ó di àṣẹ ìsọ̀kalẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ nínú PLC lè gba ọ̀nà méjì. Èkíní ni kí a lọ yí Q padà nínú gbogbo ìlà ètò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá kọ́kọ́ pààrọ̀ Q20.2 sí Q20.1, tí ẹ tún wá pààrọ̀ Q20.3 sí Q20.2, ó dáa. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ ó da 2B àti 3A pọ̀ mọ́ra, kò sì sí ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ èyí tó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni wọ́n yàn, òun náà ni a fọwọ́ sí. Ètò kò gbọdọ̀ mọ búlọ́ọ̀kù rárá. Wọ́n pa Q20 àti Q21 dà sí M50 àti M51 (M ni báìtì ìrántí inú PLC) níbi gbogbo nínú ètò, lẹ́yìn náà ní òpin yíyípo PLC, iṣẹ́ kékeré kan ń da M sínú Q, ìlà mẹ́sàn-án:

M50.0 sí Q20.0
M50.2 sí Q20.1
M50.3 sí Q20.2
M50.4 sí Q20.3
M50.6 sí Q20.4
M50.7 sí Q20.5
M51.0 sí Q20.6
M51.2 sí Q20.7
M51.3 sí Q21.0

Kí wọ́n tó fi M50 ṣe é, wọ́n ṣàyẹ̀wò atọ́ka ètò pé kò sí ibòmíràn tó ń lo M50 tàbí M51, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ara àwọn báìtì tí PLC ń tọ́jú nígbà tí iná bá lọ. Bí ó bá jẹ́ ara wọn, ìlà náà lè jí pẹ̀lú àṣẹ àná.

Wọ́n tún ìdánwò ẹnu kọ̀ọ̀kan ṣe láti orí bọ́tìnì ìdarí, ní 2 bar, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 6. Ní 6 bar, apá tó ń ti ìgò dànù ń padà bí arúgbó. Sàlẹ́ńsà tó wà ní ẹnu ìjáde afẹ́fẹ́ ló ti dí, ìdọ̀tí ibi tó ti ń bọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ni pé wọ́n tú u kúrò, apá náà yára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fi tuntun sí i. Ìlà omi mímu kì í ṣe ibi tí à ń fi ẹnu ìjáde sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà tí NEPA bá lọ

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, bí iná ìjọba ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, BF pupa tún tàn, ìlà dúró, ìṣẹ́jú bíi kan sì kọjá kó tó padà. PLC kò kú, UPS kékeré wà ní ìdí páwà 24 V rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kò kú, iná ọpọlọ rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n fi àsìkò ìròyìn kún un, láti 2 ms sí 8. Àsìkò yìí ni bí PLC àti búlọ́ọ̀kù ṣe ń kí ara wọn lemọ́lemọ́ tó. Bí ìkíni mẹ́ta bá sọnù ní ìtẹ̀léra, wọ́n á ka ara wọn sí òkú. Ní 2 ms, ìyẹn 6 ms. Ní 8, 24. Kò burú láti fi kún un: sìlíńdà tó ń gba ọ̀pọ̀ ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé òpin kò nílò 2 ms. Ṣùgbọ́n ìyípadà láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Kò sí 24 ms tó lè bo ìyẹn.

Súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Súwíìṣì ọ́fíìsì kékeré, tí adápítọ̀ 12 V rẹ̀ wọ ẹnu iná ògiri lẹ́yìn pánẹ̀ẹ̀lì, kì í ṣe abẹ́ UPS. Iná lọ, ó kú, ó jí, ó sì gba àkókò kó tó ràn lọ́wọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi èyí tó ń jẹ 24 V láti inú pánẹ̀ẹ̀lì sípò rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ara irin pánẹ̀ẹ̀lì. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n tan án, ìgbà márùn-ún, ìgò wà lórí ìlà. BF kò tàn.

Ohun kan ló kù nípa ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Orí búlọ́ọ̀kù máa ń jẹ́ kí a yàn: kí ìjáde dúró bó ṣe wà, tàbí kí gbogbo rẹ̀ kú. Wọ́n yan kíkú. Fáàfù oníkọ́ìlì kan á padà sílé, tábìlì á dúró lójú kan, ṣùgbọ́n imú ìrọmi àti orí ìdérí kò ní mì, ibi tí wọ́n bá wà ni wọ́n máa wà. Nítorí náà nínú ètò, lẹ́yìn gbogbo ìjíǹde, àṣẹ àkọ́kọ́ tí PLC ń fi ránṣẹ́ ni 2A àti 4B, kí méjèèjì gòkè, kí sẹ́ńsọ̀ òkè sì jẹ́rìí sí i, kí ọwọ́ ìjókòó 1 tó di ìgò kankan mú.

Ẹnu PROFINET kejì ní ìdérí báyìí, irin, ó ní rọ́bà lábẹ́. Pẹ́ẹ̀pà bíìtì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilẹ̀kùn pánẹ̀ẹ̀lì, pẹ̀lú orúkọ buloku-1, ìfúnpá X, àti nọ́ńbà àwo méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti tòkunbọ̀. Mẹ́rin nínú fáàfù àtijọ́ ṣì yè, wọ́n wà nínú páálí ní sítọ́ọ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí náà pé wọn kò gbọdọ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yìí: afẹ́fẹ́ atọ́nà tiwọn láti inú ni.